Obì Tó Wà Nínú Àwo: Kí Ló Ń Sọ fún Yorùbá, Ìgbò, Hausa àti Àwọn Ará Òkè Òkun?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Nínú òwe yìí, nǹkan méjì ló lè jáde nígbà tí èèyàn méjì bá pàdé. Bí obì bá jáde, àlàáfíà nìyẹn. Bí ọfà bá jáde, ìjà dé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì máa pinnu èyí tó máa jáde nínú méjèèjì.

Bóyá ni ibì kan wà lórílẹ̀-èdè yìí tí òwe náà wúlò fún tó ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ tó ń ka iye èèyàn lórílẹ̀-èdè yìí ní àwọn ará Alimosho lé ní 1.2 mílíọ̀nù, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tiẹ̀ ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù 2. Láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìgàndò dé Ìpájà, Àwórì tó nilẹ̀, Yorùbá láti oríṣiríṣi ìlú, Ìgbò, Hausa, Ẹ̀gùn àti Ẹdó ló jọ ń gbé. Wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Bí Sátidé bá dé, tí tẹ́ńtì bo àdúgbò, kò sí bí wọn ò ṣe ní í gbé àwo obì jáde níbì kan.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà máa ń wà. Ẹbí ọkọ á gbé gbànja dání, ẹbí ìyàwó á ní obì tí àwọn mọ̀ kọ́ nìyẹn. Ìyá àgbà á ní ìsọmọlórúkọ tí kò sí obì kò pé, pásítọ̀ á ní òun ò fẹ́ rí obì lórí tábìlì. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn á máa wojú ara wọn, torí wọn ò mọ ohun tí obì dúró fún. Kí ni èso kékeré yìí ń sọ gan-an tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi le tó báyìí?

Obì méjì ló wà

Igi igbó ni igi obì. Èso rẹ̀ ní èèpo líle níta. Tí wọ́n bá là á, wọ́n á rí àwọn kóró tí awọ funfun bò nínú rẹ̀. Kóró yìí ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n sì ń fi ewé tútù dì sínú apẹ̀rẹ̀ kó má baà gbẹ. Òun ni gbogbo wa ń pè ní obì.

Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló pọ̀ jù lọ́jà. Èkíní ni obì àbàtà, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Cola acuminata. Awẹ́ rẹ̀ máa ń ju méjì lọ: ó lè jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́fà. Èkejì ni gbànja, Cola nitida, tí àwọn Hausa ń pè ní goro. Awẹ́ méjì péré ni tiẹ̀, ó lè pupa, ó sì lè funfun. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ obì lásán lè mú èyí tó bá wù ú. Ẹni tó bá fẹ́ fi obì sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn, torí iye awẹ́ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Orógbó ńkọ́? Orógbó kì í ṣe obì, bí wọ́n tilẹ̀ jọ máa ń wà nínú àwo kan náà. Igi tiẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, kò ní awẹ́, ó sì korò. Àwọn olùsìn Ṣàngó mọ èyí dáadáa: orógbó ni ti Ṣàngó, wọn kì í fi obì bọ ọ́.

Orúkọ rẹ̀ ni àdúrà rẹ̀

Níbi ìsọmọlórúkọ, àgbà tó mú obì lọ́wọ́ kì í wá ohun tó máa sọ tì. Orúkọ obì ló ń fa àdúrà náà jáde. Obì á bi ikú, á bi àrùn, á bi òfò sẹ́yìn. Ká bi nǹkan ni ká tì í kúrò lọ́dọ̀ ẹni. Bí wọ́n bá mú orógbó, wọ́n á ní kí ọmọ gbó, kó sì tọ́. Bí wọ́n bá la ataare, tí kóró inú rẹ̀ kún fọ́fọ́, wọ́n á ní kí ọmọ náà di púpọ̀ láyé. Àwọn nǹkan yìí kan náà ló máa ń wà nínú ìwé ẹrù ìdána. Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ 42 obì, 42 orógbó, 42 ataare, kí wọ́n tó kọ iṣu.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń fi ìró orúkọ so èso mọ́ ire tàbí ibi. Àwọn ará Ṣáínà tó ń sọ èdè Cantonese máa ń gbé ọsàn kéékèèké fún ara wọn lọ́dún tuntun wọn, torí pé orúkọ ọsàn náà àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún oríire ń dún bákan náà. Ẹ tún wo ápù tó máa ń wà lọ́wọ́ Éfà nínú àwòrán. Bíbélì kò dárúkọ ápù rárá, èso igi ìmọ̀ rere àti búburú ló pè é. Ṣùgbọ́n nínú èdè Látìn, malum ni ibi, malum náà ni ápù, gígùn ìró nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìjọra yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù máa ya ápù, títí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé inú Bíbélì ni wọ́n ti kà á.

Bíbélì yìí kan náà lo èso gẹ́gẹ́ bí àmì níbi mímọ́. Nínú Ẹ́kísódù orí 28, Ọlọ́run ní kí wọ́n fi òwú aláró, elésèé àlùkò àti òdòdó ṣe èso pómégíránétì sí ìṣẹ́tí aṣọ olórí àlùfáà, kí ṣaworo wúrà sì máa wà láàárín wọn. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ obì tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò bá gbà á. Ohun tó kàn ń sọ ni pé èso tó dúró fún nǹkan kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ abọ̀rìṣà, kò sì parí síbẹ̀.

Awẹ́ mẹ́rin: akọ méjì, abo méjì

Nídìí òrìṣà, obì olójú mẹ́rin ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀. Méjì nínú awẹ́ rẹ̀ ni akọ, méjì ni abo, àwọn tó mọ̀ ọ́n wò sì máa ń dá wọn mọ̀. Wọ́n á ta omi tútù sílẹ̀, wọ́n á ya awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á dà wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo iye tó ṣí inú sókè àti iye tó dojú dé.

Ìdáhùn tí inú àwọn èèyàn máa ń dùn sí jù ni kí méjì ṣí sókè, kí méjì dojú dé. Wọ́n á ní obì yàn. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀? Ire kò ní kí gbogbo awẹ́ kọjú síbì kan náà kó tó jẹ́ ire. Bí akọ àti abo, òkè àti ilẹ̀ bá ti dọ́gba, ọ̀rọ̀ ti gún. Ohun tó sì tẹ̀ lé e náà ṣe pàtàkì: wọn kì í ju obì tó yàn nù. Wọ́n á pín in fún àwọn tó wà níbẹ̀, olúkúlùkù á tọ́ ọ wò.

Àwo obì tó dé ilé ìṣúra Amẹ́ríkà

Nítorí pé obì níyì, ohun tí wọ́n ń kó o sí náà gbọ́dọ̀ níyì. Àwọn agbẹ́gilére Yorùbá gbẹ́ àwo obì ní àwòrán adìyẹ, tí ẹ̀yìn adìyẹ náà jẹ́ ọmọrí àwo. Wọ́n tún gbẹ́ obìnrin tó kúnlẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá síwájú. Olúmẹ̀yẹ ni wọ́n ń pe irú ère yìí, ìyẹn ẹni tó mọ ẹ̀yẹ. Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ nìkan ti sọ ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀: ẹ̀yẹ ni obì, wọn kì í jù ú sí èèyàn.

Nínú àwọn tó gbẹ́ irú àwo bẹ́ẹ̀, orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì ló rìn jìnnà jù. Ọ̀gá agbẹ́gilére yìí kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ dé ibi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, nílùú London, ní 1924, ó sì wà ní British Museum di òní. Àwo ọlọ́mọrí kan tó gbẹ́ ní nǹkan bí 1925 wà ní ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian, ní Washington. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó obì sí fún àlejò tàbí fún òrìṣà. Àwọn èèyàn kúnlẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká, wọ́n gbé àwo náà sókè. Láàárín wọn, Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ orí èèyàn kan tó ń yí kiri, ṣùgbọ́n tí kò ṣe é yọ jáde, torí ara igi kan náà ló ti gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí àwo tí wọ́n máa gbé obì lé ni.

Obì kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ní àna Ìgbò ní Ìkọ̀tún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá á ti rí i pé ọ̀rọ̀ obì le lọ́dọ̀ wọn ju bó ṣe rò lọ. Ọjị ni wọ́n ń pè é. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó mú obì wá, ìyè ló mú wá. Nínú ìwé Things Fall Apart tí Chinua Achebe kọ ní 1958, orí kìíní gan-an ni obì ti jáde: Okoye wá sọ̀rọ̀ gbèsè lọ́dọ̀ Unoka, síbẹ̀ wọ́n kọ́kọ́ pa obì, wọ́n gbàdúrà, kí ọ̀rọ̀ owó tó wọlé. Ìbínú olówó pàápàá gbọ́dọ̀ dúró de obì.

Nílé Ìgbò, onílé ló ń gbé obì jáde. Wọ́n á gbé àwo náà káàkiri kí àwọn àlejò fojú rí i, yóò sì padà sọ́dọ̀ onílé. Àgbà ọkùnrin ló sábà máa ń gbàdúrà sí i, ọ̀dọ́ á pín in. Èdè Ìgbò ni wọ́n fi ń ṣe àdúrà náà, torí wọ́n ní obì kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá tó bá jókòó síbẹ̀ tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ kò gbọdọ̀ rò pé wọ́n ń rí òun fín. Bí àṣà náà ṣe rí nìyẹn.

Wọ́n tún máa ń ka awẹ́. Obì aláwẹ́ mẹ́rin bá ọjọ́ ọjà mẹ́rin wọn mu: Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ. Gbànja aláwẹ́ méjì kò ní ipò nínú ètò yìí. Ìdí nìyí tí àna Yorùbá lè ra gbànja tó tóbi, tó mọ́, tó wọ́n, kí ó sì yà á lẹ́nu pé ojú àwọn àgbà kò tú ká. Wọn kò kẹ́gàn owó rẹ̀. Obì tó gbé wá kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi rán an ni.

Láti ilẹ̀ Asante dé Agége

Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa, gbànja lọba. Igi obì kì í hù ní ilẹ̀ gbígbẹ ti òkè Ọya, nítorí náà ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣòwò Hausa ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó goro láti igbó Asante, lórílẹ̀-èdè tó di Gánà lónìí, gba ọjà Salaga, títí dé Kano. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fàyè gba ọtí, ṣùgbọ́n goro kì í pa èèyàn bí ọtí. Òun ni wọ́n fi ń gba àlejò. Òun náà ni wọ́n ń pín nígbà ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé nǹkan ayọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ìtàn náà kan ẹ̀gbẹ́ Alimosho. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin gbànja sí agbègbè Agége, tó bá Alimosho pààlà. Jacob Kehinde Coker wà lára àwọn àgbẹ̀ ńlá tó ní oko kòkó àti obì níbẹ̀. Reluwé láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tó sì fi máa di 1912, ó ti ń ná Kano. Obì tó ń fi oṣù rìnrìn àjò tẹ́lẹ̀ wá ń fi ọjọ́ mélòó kan débẹ̀. Òwò yìí ló mú àwọn Hausa tẹ̀dó sí Agége, òun náà ló sì wà lára ohun tó gbé Sábó Ìbàdàn ró lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1916. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé Hausa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àgbègbè yìí, kó lọ bi obì.

Bó ṣe di àgbọn ní Kúbà

Nígbà tí ogun fọ́ Ọ̀yọ́ ilé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá di ẹrú ní Kúbà àti Bràsíìlì. Àwọn ará Bràsíìlì rí ọ̀nà gbà: ọkọ̀ ojú omi ń ná Èkó sí Bahia, obì, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì sì wà lára ẹrù tó ń kó. Títí di òní, obì àti orógbó ṣì wà nínú ẹ̀sìn Candomblé níbẹ̀, orúkọ Yorùbá náà ni wọ́n sì ń pè wọ́n.

Ní Kúbà, obì ṣọ̀wọ́n. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú àgbọn, wọ́n gé e sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n sì pè é ní obì. Inú funfun dúró fún ojú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ dúró fún ìkejì. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìdáhùn rẹ̀, bíi Alafia, Okana àti Oyekun, kò ṣòro fún Yorùbá láti dá mọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ń sọ ìtàn pé Obì mọ́, ó funfun, ó rẹwà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbéra ga, kò fẹ́ kí àwọn tálákà sún mọ́ òun. Ẹlẹ́dàá bínú, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ilẹ̀ ni yóò máa yí, gbogbo èèyàn ni yóò sì máa sìn.

Ìtàn Kúbà yìí kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ kan. Bí agbára obì bá wà lára kóró náà nìkan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá ti kú sínú òkun. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rántí ni pípín: nǹkan kan tó pín sí mẹ́rin, tí wọ́n ṣí lójú gbogbo èèyàn, tí gbogbo èèyàn sì mọ ohun tó sọ.

Obì di igo mínírà, obì di rìbá

Ní 1886, ní ìlú Atlanta, apoògùn kan tó ń jẹ́ John Pemberton po ohun mímu kan, wọ́n sì fi ewé coca àti obì sọ ọ́ lórúkọ: Coca-Cola. Lónìí, àlejò tó bá wọlé ní Ìgàndò, igo mínírà ni wọ́n sábà máa gbé fún un. Obì ti kúrò nínú àwo, orúkọ rẹ̀ ló kù lára igo. Àlejò mu, ọ̀fun rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbàdúrà, kò sì sí ohun tí wọ́n jọ pín.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni obì tó di orúkọ ìnagijẹ fún rìbá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún á ní kí ẹ wá nǹkan tí òun máa fi ra obì, kí ìwé yín tó lè jáde. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ìyàtọ̀ obì àti rìbá kò ṣòro rárá: wọ́n ń gbé obì jáde ní gbangba, wọ́n ń pa á lójú gbogbo èèyàn, ẹni tó mú un wá náà á jẹ nínú rẹ̀. Rìbá ń gba abẹ́ tábìlì, ẹnì kan ló ń jẹ ẹ́, ẹni tó mú un wá á sì máa kùn lọ sílé.

Kí àwọn àna méjì tó jókòó

Ohun tí gbogbo ìtàn yìí ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ibi pípín ni ìtumọ̀ obì wà. Nítorí náà, ẹbí méjì tó bá fẹ́ so okùn ìfẹ́ ní Alimosho lè yẹra fún ọ̀pọ̀ wàhálà.

Ẹ béèrè kí ẹ tó rà. Bí àna bá jẹ́ Ìgbò, ẹ bi wọ́n léèrè irú obì àti iye awẹ́ tí wọ́n ń fẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ Hausa, gbànja ni kí ẹ wá, kó sì pọ̀ tó láti pín. Bí wọ́n bá jẹ́ Yorùbá, ẹ wo ìwé ẹrù ìdána dáadáa, kí ẹ má fi orógbó dípò obì. Ẹ ṣí apẹ̀rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, torí obì tí kòkòrò ti lu kò yẹ níwájú àna.

Bí pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín kò bá fẹ́ obì, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ náà kí ọjọ́ tó pé, kí àwọn àgbà má baà gbọ́ ọ lójú agbo. Àwọn mìíràn máa ń lo oyin, iyọ̀ àti èso mìíràn. Bí àwọn ará Kúbà bá lè lo àgbọn, kò yẹ kí ìyẹn tú ìgbéyàwó ká. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan sọ ìtumọ̀ ohun tí ẹ lò fún àwọn ọmọ tó ń wò yín.

Níkẹyìn, kaféènì wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí, ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ń jẹ ẹ́ kí oorun má baà kùn wọ́n. Aláboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Níbi ìnáwó, awẹ́ kékeré kan ti tó. Obì kì í ṣe oúnjẹ àjẹyó. Kí ó lè kárí ni wọ́n ṣe ń pa á.